Ìgò Abẹ́rẹ́ Tí Mo Gbé Wálé

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́ ní Ọ̀fà. Àwọn tí mo gún nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ti ń gbé ọmọ tiwọn wá báyìí, àwọn mìíràn nínú wọn ṣì ń yà bàrá bí wọ́n bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. Nọ́ọ̀sì kọ́ ni mí ní tòótọ́. Iṣẹ́ ìlera agbègbè ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa fi ẹnu gbé orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀? Ìyá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, mo sì ń dáhùn.

Sẹ́ńtà wa, níbi tí a ti ń tọ́jú aláboyún àti ọmọ ọwọ́, kò tóbi. Yàrá mẹ́ta ni, fáráńdà kan, àti igi máńgòrò tí a to bẹ́ńṣì sí abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́rú ni ọjọ́ abẹ́rẹ́. Kí aago mẹ́jọ tó lù, àwọn ìyá ọmọ á ti jókòó, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ tí a kọ sára páálí. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹ̀yìn ni. Ìyàwó lemọ́mù lo jẹ́ o, ìyàwó káńsílọ̀ lo jẹ́ o, ẹ̀yìn ni. Èmi ni mo fi òfin yẹn lélẹ̀, mi ò sì fi ṣeré rárá. Mo ti lé ìyàwó àbúrò mi padà sí ẹ̀yìn rí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù ààwẹ̀ kan.

Kí n tó gún ẹnikẹ́ni, mo máa ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni láti ọjọ́ yìí wá. Màá ní, "Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ṣebí ìjàkadì lorò Ọ̀fà? Ó dáa. Ìjàkadì náà ni ara ọmọ yín ń jà lójoojúmọ́. Awọ ara ni ọgbà ilé. Itọ́, ikun imú, omijé, àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ yé fi aṣọ líle ha imú ọmọ bí ẹni ha ìkòkò! Àìsàn tó bá fo ọgbà wọlé, á bá àwọn oníjà nínú ẹ̀jẹ̀. Funfun ni wọ́n, ojú lásán ò lè rí wọn. Bí wọ́n bá ń jà, ara á gbóná, kókó á so sí abíyá tàbí sí abẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀yin á sì máa sáré kiri pé ọmọ fẹ́ kú. Ara ló ń ṣiṣẹ́! Bí ibà náà bá le, ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ yé bú u bí olè."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Màá wá ṣàlàyé ìyókù fún wọn. Àwọn kan wà nínú àwọn oníjà yìí tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ti ṣàjèjì ni wọ́n ń bá wọ̀yá ìjà, wọn kì í bi í léèrè orúkọ. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń kọ́ ìjà alátakò kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n lágbára jù, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń lọ́ra nígbà àkọ́kọ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó mọ bí ọ̀tá ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ọ̀tá á sì ti ba nǹkan jẹ́ kó tó dìgbà náà. Àmọ́ tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í gbàgbé. Lọ́jọ́ tó bá tún padà wá, kó tó na ọwọ́ ni wọ́n á ti gbé e ṣánlẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ àjẹsára wá ńkọ́?" Ìbéèrè tí mo fi ń parí ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. "A ti so ọ̀tá náà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. A gbé e síwájú àwọn oníjà ọmọ yín pé kí wọ́n fi kọ́ ìjà. Kò lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, ṣùgbọ́n wọ́n á mọ ojú ẹ̀."

Ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀yin gan-an ti jàkadì rí?" Mo ní kó dìde ká gbìyànjú ẹ̀ wò. Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò kì í sọ fún àwọn ìyá ọmọ nípa ìgò, torí ọ̀rọ̀ àwa òṣìṣẹ́ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ èéyi kì í wá ní omi. Ẹ̀tù ni, a ó fi omi tirẹ̀ pò ó, ìgò kan á tó ọmọ mẹ́wàá. Tí a bá ti pò ó, inú àpótí tútù ló gbọ́dọ̀ wà, wákàtí mẹ́fà péré ló sì ní. Lẹ́yìn ìyẹn, dídà ni a ń dà á nù, bó ṣẹ́kù kan, bó ṣẹ́kù márùn-ún. Ooru máa ń pa á. Èyí tó bá ti kú, kò sí ohun tí ara ọmọ lè rí kọ́ lára rẹ̀. Ta ló ń fi àkísà kọ́ ìjàkadì? Yàtọ̀ sí ìyẹn, kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀ kó ba apá ọmọ jẹ́. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mélòó kan ní òfin yìí, mo sì ti bú ẹni tó fẹ́ rú u.

Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń gbé iwájú ilé, èmi wà lẹ́yìn. Ìyàwó ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlẹ́mọnà. Ọkadà àárọ̀ ló ń gbé e lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, àkọ́bí wọn, ọmọ tí ojú rẹ̀ dà bí ojú ìyá mi tó bí mi. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà débi pé ó ń tì mí lójú. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, màá fi í sílẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi ẹ̀gbẹ́ ilé, màá sì ti máa ro bí màá ṣe tètè padà.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, àsìkò abẹ́rẹ́ èéyi tó. Ìyá rẹ̀ ní, "Mọ́mì, mo ti fẹ́ gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́rú tó ń bọ̀. Màá gbé e wá sí sẹ́ńtà."

Mo ní kó má ṣe wàhálà. Mo ní, "Kí ni mò ń ṣe nílé yìí nígbà náà? Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi nígbà yẹn. Àwọn ọmọ tó ń wúkọ́ pọ̀ lórí bẹ́ńṣì, oòrùn sì máa ń yí dé ibẹ̀ tó bá di aago mẹ́wàá. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi jókòó níbẹ̀. Mi ò sì lè gbé e fo àwọn ẹlẹ́nọ́ńbà lójú gbogbo ayé, èmi tí mo lé ìyàwó àbúrò mi. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, àbí? Mo wá ro ọgbọ́n kan, mo sì rò pé ọgbọ́n ni lóòótọ́.

Lọ́jọ́rú náà, mo po ìgò èéyi nígbà tí aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ ló gbà lára rẹ̀. Ó ku ti ọmọ méjì. Nígbà tí a palẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án, dípò kí n dà á nù, mo fi í sínú fíláàsì oúnjẹ mi, mo ki píọ̀ wọ́tà dídì méjì tì í, mo gbé e sínú báàgì. Ǹ bá lọ sílé tààrà. Ṣùgbọ́n ata ti tán nílé, mo yà lọ́jà. Mo pàdé ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, ọ̀rọ̀ wọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí mo wá wọ̀, táyà rẹ̀ jò lójú ọ̀nà, a sọ̀kalẹ̀ sínú oòrùn, a ń wo ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́. Mo lọ gbé ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi, mo délé, mo kírun Àsárì.

Nígbà tí mo ṣí fíláàsì, píọ̀ wọ́tà ti yọ́ pátápátá, ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gbójú sókè wo aago. Aago mẹ́rin ti kọjá. Wákàtí mẹ́jọ.

Mo mọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́, mo mọ̀. Mo jókòó lórí ibùsùn fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, mo ń bá ara mi jiyàn. Mo ní àbọ̀ ooru lásán ni, mo ní fíláàsì yẹn dára, mo ní oògùn ṣáà ni oògùn. Mo sì fà á sínú síríńjì, mo gún ọmọ náà, ó ké, mo pọ̀n ọ́n. Mo mú káàdì rẹ̀, mo kọ déètì síbẹ̀, mo sáìnì.

Ìyá rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, ó rí òwú lápá ọmọ. Ó kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ṣé o. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ẹ̀." Mo ní àmín.

Apá ọmọ náà kò wú, mo sì dúpẹ́ pé mo bọ́ nínú ìyẹn. Ara rẹ̀ kò gbóná rárá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ ń yìn mí pé ọwọ́ mi tutù. Nígbà tó pé oṣù mọ́kànlá, ó já a lẹ́nu ọmú, torí wọ́n ti gbé e sí ẹ̀ka tó ń káàkiri oko níbi iṣẹ́, ọmú sì máa ń kún un lójú ọ̀nà. Ó bi mí kó tó ṣe é. Mo ní kò burú.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé àdúgbò gba àlejò láti Òjòkú, ọmọ àlejò náà ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n kuku. Ní ọjọ́ kejì, ara ọmọ náà sú. Èéyi ni. Mo ka àwọn ọmọdé agboolé wa lórí ìka. Àwọn márùn-ún ni wọ́n jọ ń ṣeré pẹ̀lú tiwa, gbogbo wọn pátá ló gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi lórí bẹ́ńṣì. Mo ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ pé bóyá fíláàsì yẹn dára lóòótọ́.

Ọjọ́ kejìlá ni ara tiwa gbóná. Mo gbé e síbi fèrèsé, mo ṣí i lẹ́nu, mo rí àwọn tótòtó funfun nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí iyọ̀ tí a wọ́n síbẹ̀. Àwọn márùn-ún yòókù ń sáré kiri ní ìta, wọ́n ń pariwo. Ikọ́ lásán, wọn ò wú u.

Ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ wẹ́dà dé, ó bá mi tí mo gbé ọmọ dání. "Mọ́mì, ṣebí ó ti gbabẹ́rẹ́ èéyi? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gún un."

Mo ní, "Mo gún un."

"Kí ló wá fà á? Àbí torí pé wọ́n já a lẹ́nu ọmú kó tó tó àsìkò ni? Ẹ máa ń sọ pé inú ọmú ni ọmọ ti ń gba agbára."

Lóòótọ́ ni mo máa ń sọ ọ́, òótọ́ sì ni. Ọmú ìyá máa ń kó díẹ̀ nínú àwọn oníjà ìyá fún ọmọ. Ṣùgbọ́n oṣù méjì tí ọmọ náà fi pàdánù ọmú kọ́ ló gbé èéyi wọlé. Mo mọ ohun tó gbé e wọlé. Ó wà nínú báàgì mi lọ́jọ́rú kan.

Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ ẹ̀kọ mímu dání. Ó gbọ́. Ó rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó sì lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá.

Ọjọ́ kìíní nìyẹn. Mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Mo fún ọmọ ní fítámínì éè kí èéyi má bàa fọ́ ọ lójú, mo ta aṣọ sí fèrèsé torí pé ìmọ́lẹ̀ ń ta á lójú, mo ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Aládùúgbò kan wọlé, ó ní ká lọ ra ẹmu ká fi pa á lára. Mo pariwo mọ́ ọn débi pé ó gbàgbé bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Ojú ló ń tì mí, òun ni mo sì fi ìbínú rẹ̀ lé lórí. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ sú láti ẹ̀yìn etí, ó sọ̀kalẹ̀ dé ikùn. Ọmọ mi kò fi ẹnu kan sọ ọ̀rọ̀ dáadáa sí ìyàwó rẹ̀. "Ọ́fíìsì, ọ́fíìsì! Ṣé ọ́fíìsì á bá ẹ bí òmíràn?" Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé. Mo dìde, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tún jókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní. Àgbà wà nílé o, ó sì panu mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé ń jáde. Òtútù àyà ti wọ̀ ọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n fi rọ́bà ọ́síjìn sí i nímú. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, torí mo mọ irú àìsàn tí èéyi jẹ́. Àìsàn mìíràn á wá, á jà, á lọ. Èéyi máa ń kọ lu àwọn oníjà gan-an tí wọ́n mọ ìjà, á sì nu ìrántí wọn nù. Àwọn àìsàn tí ara ọmọ ti kọ́ bí a ṣe ń borí wọn, á tún di àlejò sí wọn. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn èéyi, ẹnu ọ̀nà á ti ṣí sílẹ̀ fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni. Ọmọ mi ti lọ ra oògùn. Mo ti ìta wọlé, mo gbé omi gbígbóná dání. Ìyàwó ọmọ mi kẹ́yìn sí mi, ó jókòó létí ibùsùn, ó gbé ọmọ sáyà pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Ó ti ṣí bọ́tìnnì. Ó ń fi orí ọmú tó ti gbẹ sí ọmọ náà lẹ́nu, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ kó lè sun. Kò sun. Ẹnu ọmọ náà tí egbò ti bò kò tilẹ̀ lè mú un. Ìyá rẹ̀ ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Gbà, jọ̀ọ́. Má bínú sí mi. Gbà á."

Omi gbígbóná náà dànù sí mi lẹ́sẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó jó mi títí di alẹ́.

Mo kúnlẹ̀. Èmi, ìyá ọkọ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì wọ́ọ̀dù, àwọn oníbùsùn yòókù ń wò mí. Mo ní, "Ìyàwó mi, bọ́tìnnì ẹ, dé e. Kì í ṣe ọmú. Kò sí ohun tí o ṣe. Èmi ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìgò náà, fíláàsì, ọjà, táyà kẹ̀kẹ́, aago tí mo wò. Mo ní mo mọ̀ kí n tó gún un. Ọmọ mi ti padà dé, ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú náílọ́nù oògùn lọ́wọ́, ó gbọ́ èyí tó pọ̀ níbẹ̀.

Mo retí kó pariwo. Ì bá dùn mọ́ mi bó bá pariwo. Ó wò mí, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́rin, Mọ́mì."

Kò sọ ọ̀rọ̀ ìgò rárá. Ó dé bọ́tìnnì rẹ̀, ó gbé ọmọ náà sí èjìká, ó sì kọjú sí ògiri. Ọmọ mi jáde sí fáráńdà. Mo gbọ́ tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri.

Ọmọ náà kò kú. Alihamudulilahi. Mo máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, mo sì máa ń sunkún nígbà mìíràn tí mo bá sọ ọ́. Ní ọjọ́ keje ó béèrè omi. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo na ìka sí iwájú ojú rẹ̀, mo ń gbé e lọ sọ́tùn-ún sósì láti mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ríran. Ó tẹ̀lé ìka náà, ó gbá a mú, ó sì gé e jẹ. Ọmọ mi bẹ ìyàwó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ̀rín tó padà sáàárín wọn. Èmi lọ bá ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, mo fi ọwọ́ ara mi dáhùn rẹ̀, mi ò fi ẹ̀bi sí ata tàbí táyà. Wọ́n yọ ìtọ́jú àpótí tútù kúrò lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́fà. Ó tọ́ sí mi.

Ìyàwó ọmọ mi kò bínú sí mi ní gbangba. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ mi wá. Káàdì ọmọ tó máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ni mo wá tì. Ó ti kó o lọ sínú báàgì tirẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àsìkò abẹ́rẹ́ èéyi kejì tó. Bó tilẹ̀ ti ṣe èéyi, ìlànà ni kó gbà á. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Lọ́jọ́rú, mo gbójú sókè lábẹ́ igi máńgòrò, mo rí ìyàwó ọmọ mi lórí bẹ́ńṣì, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, páálí nọ́ńbà mọ́kàndínlógún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gba àyè níbi iṣẹ́ láìsọ fún mi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní, "Ìyàwó Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ bọ́ síwájú." Kò dìde. Oòrùn yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ìborùn bo ọmọ lórí, ó jókòó.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ti ìgò kún un. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá ọmọ, kí wọ́n tó gún ọmọ yín, ẹ ní kí wọ́n fi ìgò hàn yín. Ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n pò ó. Bó bá jẹ́ èmi gan-an, ẹ bi mí." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló láyà láti bi Ìyá Nọ́ọ̀sì léèrè.

Nígbà tó kan nọ́ńbà mọ́kàndínlógún, ó wọlé, ó jókòó síwájú mi, ó gbé ọmọ sí itan. Ó na ọwọ́ sí mi, ọwọ́ òfìfo.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìgò."

Mo gbé e fún un. Ó ka aago tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó wo aago ara ògiri. Ó tún fi ọwọ́ kan ìgò náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bóyá ó tutù. Lẹ́yìn náà ló tó ká apá aṣọ ọmọ sókè.